Láti Tiger Bay dé Wigan: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò

Ọjọ́bọ̀, Wembley

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọkọ̀, òun ló sì ń wà á, nítorí náà àṣẹ rẹ̀ la ń tẹ̀ lé. Ọmọ Arsenal ni. Ohun tó mọ̀ nípa rọ́gíbì kò ju pé àwọn géńdé ọkùnrin máa ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n á sì tún bọ ara wọn lọ́wọ́ tí eré bá tán. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ wo Wigan, ìlú ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan ní àríwá England, àti ibi tí àwọn akọni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá, ó ní, "Wigan tó já kúrò ní Premier League ní 2013 yẹn?" Mo ní rárá, bọ̀dá mi, ìyẹn ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, 1932 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ti rọ́gíbì ti wà láti 1872, òun ló sì ni ìlú.

Wembley la kọ́kọ́ yà sí. Ère idẹ kan wà nítòsí pápá náà tí ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì wò ó. Èèyàn márùn-ún ló wà lórí rẹ̀: Billy Boston, Eric Ashton, Martin Offiah, Alex Murphy àti Gus Risman. 2015 ni wọ́n ṣí i. Àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ yẹn wọ ẹ̀wù pupa òun funfun ti Wigan. Ẹ̀gbọ́n mi wo Boston, ó wo Offiah, ó ní, "Àwọn èèyàn wa rèé o."

Hackney ni wọ́n bí Offiah sí, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Rọ́gíbì yúníọ̀nù, ti èèyàn 15, ló ń gbá ní Rosslyn Park kí Widnes tó wá mú un lọ sí rọ́gíbì líìgì ti àríwá, ti èèyàn 13, ní 1987. Ní oṣù kìíní 1992, Wigan san £440,000 fún Widnes kí wọ́n lè rí i gbà. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó tíì san iye bẹ́ẹ̀ rí lórí ẹnì kan ṣoṣo nínú rọ́gíbì líìgì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n rà.

Ibi tí a dúró sí yẹn náà ni Wembley àtijọ́ wà kí wọ́n tó wó o. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1994, Wigan àti Leeds ń du Challenge Cup, ife ìdíje rọ́gíbì líìgì. Offiah gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà ilé tiwọn, ó la àárín àwọn ará Leeds kọjá, ó forí lé iwájú. Alan Tait nìkan ló kù lẹ́yìn pátápátá, òun náà sì mọ eré sá. Offiah gba ẹ̀gbẹ́ òde yí i po, ó sá gbogbo gígùn pápá tán, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kọjá ìlà, ó wá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Wigan gbà á ní 26 sí 16. Àmì-ẹ̀yẹ Lance Todd, tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ta yọ jù ní àṣekágbá, bọ́ sí i lọ́wọ́, bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1992.

Mo fi fídíò rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó wò ó tán, ó ní kí n tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ó ní ká máa lọ, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká wa mọ́ òpópónà M4.

Ọjọ́ Ẹtì, Cardiff

A ti sùn sí Cardiff mọ́jú. Láti ìparí 2018 ni wọn kò ti gba owó ibodè lórí afárá Severn mọ́, inú ẹ̀gbọ́n mi sì dùn sí ìyẹn ju gbogbo ìtàn tí mo ń sọ fún un lọ.

Tiger Bay la tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ̀bá èbúté ni, ibi tí èédú Wales ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí gbogbo ayé nígbà kan. Àwọn atukọ̀ láti Sierra Leone, Somalia, Yemen àti erékùṣù Caribbean gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì bímọ. Lónìí, ilé oúnjẹ àti ilé onígíláàsì ló kún etí omi. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ á rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Billy Boston sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1934. Sierra Leone ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Cardiff tí ìran rẹ̀ wá láti Ireland. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ Sierra Leone, ó ní ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ló pọ̀ ní Freetown, ta ló mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká má tíì sọ ọkùnrin náà di ọmọ Ẹ̀gbá.

Ohun tí Boston ń fẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ: kó gbá rọ́gíbì yúníọ̀nù fún Cardiff, kó sì gbá a fún Wales. Ó ń ṣe dáadáa ní ẹgbẹ́ àdúgbò wọn, CIACS, ó ṣeré fún Neath, ó sì tún ń gbá a nínú iṣẹ́ ológun. Cardiff kò pè é. Kò sí ẹni tó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo aláwọ̀ dúdú Tiger Bay ló mọ ìdí náà.

Wigan ló wá. Ní 1953, àwọn aṣojú wọn dé ilé ìyá rẹ̀, wọ́n ka £1,000 sórí tábìlì. Ọmọkùnrin náà kò fẹ́ lọ sí àríwá rárá, torí ẹni tó bá gba owó rọ́gíbì líìgì, yúníọ̀nù ti lé e jáde títí ayé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, òun á lé wọn lọ. Ó jáde sí àwọn àlejò, ó ní bí wọ́n bá sọ ọ́ di £3,000, ọmọ òun á fọwọ́ sí i. Ó rò pé wọ́n á kó owó wọn sápò ni. Wọ́n ka £3,000. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ìyá, kò ṣeé gbé mì mọ́. Boston fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí kiri nígbà tó dàgbà, kò sì fi pamọ́ pé inú òun kò dùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá yẹn bu owó-orí tó rò pé wọn ò ní lè san, ẹbí ọkọ bá san án lójú ẹsẹ̀!"

Ère mìíràn wà ní Cardiff Bay báyìí: Boston, Clive Sullivan àti Gus Risman pọ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Sullivan, ọmọ Splott níhìn-ín, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Jamaica, lọ ṣeré ní Hull. Ní 1972 ó di balógun ikọ̀ Great Britain, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí nínú eré ìdárayá èyíkéyìí tó lórúkọ, ó sì gbé Ife Àgbáyé bọ̀ láti Faransé lọ́dún kan náà. Risman, ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Latvia, di ìlúmọ̀ọ́ká ní Salford. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Cardiff ló bí wọn, àríwá England ló bọ́ wọn. Mo wo ọdún tí wọ́n kọ sí i lára, mo ro ọdún tí Boston kúrò nílé, inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn níwájú ère tó lẹ́wà báyẹn.

Ẹnì kẹrin kan wà tí kò sí lórí òkúta náà, tó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ Wigan mọ̀: Jim Sullivan, ọmọ Cardiff, aláwọ̀ funfun. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí Wigan rà á ní 1921. Bọ́ọ̀lù gbígbá wọ àárín òpó ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kejì 1925, ẹgbẹ́ kékeré kan láti Cumberland, Flimby and Fothergill, wá bá wọn du Challenge Cup. Wigan nà wọ́n ní 116 sí òdo, Sullivan nìkan sì gba bọ́ọ̀lù 22 wọ òpó. Ní 1929, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àṣekágbá Ife náà lọ sí Wembley, òun ni balógun Wigan tó na Dewsbury ní 13 sí 2.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Huddersfield

Òjò ní gbogbo ọ̀nà, títí a fi kúrò ní Wales, títí a fi dé Yorkshire. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀gbọ́n mi: èèyàn 13 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà, àwọn kejì á gba bọ́ọ̀lù, bí o bá gbé e sílẹ̀ kọjá ìlà àwọn ọ̀tá, tíráì nìyẹn, àmì mẹ́rin. Láyé Boston, mẹ́ta ni. 1983 ni wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ó ní kí ló dé tí wọn kò lè gbá bọ́ọ̀lù síwájú bí ọmọlúàbí. Mo ní wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú; ọwọ́ ni wọn kò gbọdọ̀ fi jù ú síwájú. Ó mi orí.

Ní Huddersfield, ojúde St George's la ń wá, níwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹni tí a kọ́kọ́ bá níbẹ̀ kì í ṣe eléré ìdárayá. Ère Harold Wilson ni, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Biafra. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Bàbá rẹ̀ jagun náà. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ wo George Hotel.

Nínú ilé yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ àríwá ti pàdé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1895, tí wọ́n sì ya kúrò lára rọ́gíbì yúníọ̀nù. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó kékeré sì ni. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àríwá ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú, nínú ilé ìhunṣọ, ní èbúté. Òwúrọ̀ Sátidé jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti lọ ṣeré, owó ọjọ́ náà ti lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dá owó yẹn padà fún un, ṣílè mẹ́fà lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́lá gúúsù, tí kò sí ẹni tó ń gé owó oṣù wọn, ní rárá, ìfẹ́ eré ni kéèyàn fi ṣeré. Ẹgbẹ́ 22 ló bẹ̀rẹ̀ Northern Union, èyí tó di rọ́gíbì líìgì. Wigan wà lára wọn. Ní 1906 wọ́n dín èèyàn kù láti 15 sí 13, eré náà sì di tirẹ̀ gédégédé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa Wigan kò lè yé ẹni tí kò bá gbọ́ ti ṣílè mẹ́fà yìí. Àwọn tó ń sọ pé owó ba eré jẹ́, ẹni tí ebi kò pa rí ló pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí pé àríwá gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ gbowó ni wọ́n ṣe lè lọ sí Tiger Bay, kí wọ́n ka owó sílẹ̀ fún ọmọ tí àwọn tí wọ́n ń ṣeré torí ìfẹ́ kò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ó ní ebi ń pa òun.

Ọjọ́ Àìkú, Wigan

M62 gba orí òkè kọjá, kò sí òpópónà ńlá tó ga tó o ní England. Àárín ọ̀nà lọ àti ọ̀nà bọ̀ ni oko kan wà pẹ̀lú ilé àti àgùntàn, tí ọkọ̀ ń gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn òkè yẹn, Lancashire ni.

Wigan kò tóbi. Ìlú èédú àti òwú ni. Èédú ti tán nílẹ̀, kòtò Bickershaw tó wà ní agbègbè náà ti kógbá sílé láti 1992. Ère awakùsà kan àti ẹbí rẹ̀ wà ní àárín ìlú. Ibi tí kò jìnnà sí i ni ère Billy Boston, tí wọ́n ṣí ní 2016: ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, ó ń sá bọ̀. Igbáàyà rẹ̀ fẹ̀. Wíńgà ni lóòótọ́, ẹni tí ń sá gba etí pápá, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú Offiah tí ń yẹra; Boston lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá, ó sì lè gba orí rẹ kọjá, ìwọ ló kù fún láti mọ èyí tó ń bọ̀.

Bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó rí i pé à ń ya fọ́tò, ó bi wá bóyá ẹbí rẹ̀ ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ti kìlọ̀ fún, ní "Ó ṣeé ṣe." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Billy ló ń pè é, láì fi Boston kún un. Ó ní ọmọdé lòun nígbà tí bàbá òun gbé òun lé èjìká lọ sí Central Park lọ́jọ́ Ẹtì Rere 1959, pápá Wigan nígbà yẹn, láti wo Wigan àti St Helens, alátakò wọn. Ọjọ́ yẹn èèyàn 47,747 ló wọlé, iye tó pọ̀ jù lọ tó wọ pápá náà rí. Ó ní òun kò rí ju orí àwọn èèyàn lọ, àfi ìgbà tí ariwo bá ta, tí bàbá òun á ní, "Billy ni."

Iye náà ṣì ń yà mí lẹ́nu bí mo tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Láti 1953 dé 1968, Boston gbá eré 488 fún Wigan, ó sì gba tíráì 478. Eré mẹ́fà péré ló ti gbá nígbà tí wọ́n mú un mọ́ ikọ̀ Great Britain tó lọ sí Australia àti New Zealand ní 1954. Ọmọ ọdún 19 ni, òun sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ nínú irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíráì 36 ló kó bọ̀ nínú ìrìn-àjò yẹn. Nínú ẹgbẹ́ Wigan, Eric Ashton ló máa ń bọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù láti àárín. Àwọn méjèèjì ló gbé Ife wálé ní 1958 àti 1959, lẹ́yìn náà ní 1965. Ní àṣekágbá líìgì 1960 ní pápá Odsal, èèyàn tó lé ní 83,000 ló rí Wigan tó fi 27 sí 3 lu Wakefield Trinity.

Bàbá náà kò sọ ti 1957, èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé tí wọ́n gbá ní Australia lọ́dún yẹn, ikọ̀ náà yà sí South Africa láti ṣeré àfihàn. Nítorí òfin ìyapa àwọ̀ ibẹ̀, wọn kò mú Boston dání. Òun nìkan ló wọ bàálù padà sílé, àwọn tó kù lọ ṣeré. Nítorí náà n kò gbà fún àwọn tó ń sọ pé rọ́gíbì líìgì kò mọ àwọ̀. Ìlú Wigan mọ ọmọ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ eré náà ló yan ìrìn-àjò ju ọmọ lọ. Ní oṣù kẹfà 2025, Ọba Charles fi oyè Sir dá Boston lọ́lá, nígbà tó ti pé ẹni 90 ọdún. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú oyè bẹ́ẹ̀ jẹ nítorí rọ́gíbì líìgì, láti ìgbà ìpàdé George Hotel yẹn, 130 ọdún.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ń bójú tó ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Griffin, kò jìnnà sí Central Park. Central Park fúnra rẹ̀ ti di ọjà Tesco. Ní 1902 ni wọ́n ṣí pápá náà, ní oṣù kẹsàn-án 1999 ni wọ́n gbá eré ìkẹyìn níbẹ̀, St Helens náà ni wọ́n bá gbá a, wọ́n sì nà wọ́n ní 28 sí 20. Jason Robinson ló gba tíráì tó kẹ́yìn. A wọ Tesco náà, a ra omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo ń rìn láàárín àwọn ọṣẹ ìfọṣọ, mo ń rò ó pé ibo ni ìlà wà.

Torí níbẹ̀ ni eré tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn ẹgbẹ́ yìí ti wáyé, kò sì sí tíráì kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1987, alẹ́ Ọjọ́rú. Manly, tó gba líìgì Australia, wá bá Wigan. Nígbà yẹn, àwọn ará Australia ń na Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wù wọ́n. Èèyàn 36,895 ló wọlé. Ellery Hanley, ọmọ Leeds tí wọ́n mú láti Bradford, ni balógun Wigan. Sáà tó ṣáájú, tíráì 63 ló gbà. Shaun Edwards wà níbẹ̀, ọmọ Wigan gan-an, tí wọ́n ti mú wọ ẹgbẹ́ lọ́mọ ọdún 17. Wọ́n bá ara wọn jà, wọ́n gbé ara wọn ṣánlẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè kọjá ìlà. David Stephenson gba bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọ òpó, Manly gba ẹyọ kan. 8 sí 2. Ẹni tó bá fẹ́ tíráì lè lọ wo àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Alẹ́ yẹn ni ìlú náà gbà pé kò sí ẹgbẹ́ tí àwọn kò lè nà.

Ọjọ́ Ajé, pápá tuntun

Pápá tí wọ́n ń lò láti 1999 wà ní ìta ìlú, àwọn àti Wigan Athletic ni wọ́n jọ ń lò ó. Èèyàn bí 25,000 ló ń gbà. Ọ̀kan nínú àwọn ìjókòó rẹ̀ ń jẹ́ Boston. Kò sí eré lọ́jọ́ náà, à kàn yí i ká ni. Ó mọ́, ó dára, kò wọ̀ mí lọ́kàn.

Inú ọkọ̀, pẹ̀lú páì tí a fi búrẹ́dì há láàárín, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kebab Wigan, ni mo ti sọ ti àwọn ọdún ọlá fún ẹ̀gbọ́n mi. Láti 1988 dé 1995, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó gbé Challenge Cup. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ léraléra, Wigan. Eré 43 ni wọ́n gbá nínú ìdíje náà láì pàdánù, Edwards sì wà nínú gbogbo wọn. Salford, tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, ló já okùn náà ní oṣù kejì 1996.

Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1992, Leeds wá sí Central Park, Wigan fi 74 sí 6 rán wọn lọ. Offiah nìkan gba tíráì mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni. Kí ọdún yẹn tó parí, Edwards náà gba mẹ́wàá lójú Swinton. Mo ní kó wò ó fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó, páì lẹ́nu, kò dá mi lóhùn.

Ní 1994, wọ́n lọ bá Brisbane nílé wọn, lójú èèyàn tó lé ní 54,000, wọ́n nà wọ́n ní 20 sí 14. Dean Bell, ọmọ Māori láti New Zealand, ti ṣe balógun wọn títí di oṣù tó ṣáájú. Frano Botica ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọ òpó. Va'aiga Tuigamala, ọmọ Samoa, ń fi àyà ya ọ̀nà. Ọmọ ọlọ́mọ ló pọ̀ nínú wọn. Wigan ra wọn, ó san owó wọn pé, ó wá ń ké orúkọ wọn bíi pé ìyá Wigan ló bí wọn. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Bí ó ti rí náà nìyí títí di òní. Ní 2024, gbogbo ife mẹ́rin tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kó: wọ́n na Penrith ti Australia ní 16 sí 12 fún ti àgbáyé, Warrington ní 18 sí 8 ní Wembley, wọ́n ṣe ipò kìíní lórí tábìlì, wọ́n sì fi 9 sí 2 borí Hull KR ní àṣekágbá. Junior Nsemba, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Kamẹrúùnù, wà lára wọn, òun sì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tó dára jù lọ lọ́dún náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Manchester

St Helens kò gbà wá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kàn rí i ni, torí àìsí tiwọn, kò sí adùn nínú ti Wigan. Ilé ti wà lórí pápá wọn àtijọ́ ní Knowsley Road. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu Wigan ní 41 sí 6 lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì 1992. Ọ̀dọ́bìnrin tó ta tíì fún wa gbọ́ pé Wigan la ti ń bọ̀, ó ní ká pẹ̀lẹ́.

Moss Side la parí rẹ̀ sí. Ilé gbígbé ló wà níbi tí Maine Road wà nígbà kan, pápá Manchester City. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1996, ohun tí òfin kò gbà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Yúníọ̀nù ti gbà ní 1995 kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn náà máa gbowó, ìjà ṣílè mẹ́fà sì ti tán. Bath, ọ̀gá yúníọ̀nù, wá bá Wigan gbá líìgì. 82 sí 6 ni. Offiah gba mẹ́fà nínú àwọn tíráì náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kan náà, Wigan lọ bá wọn gbá yúníọ̀nù ní Twickenham, Bath borí ní 44 sí 19. Àwọn ará Bath á sọ pé ọ̀mì ni. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé kì í ṣe ọ̀mì.

Ní ilé oúnjẹ Nàìjíríà kan nítòsí, a jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì, ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí bóyá Yorùbá kankan ti gbá eré yìí rí. Mo sọ ti Ade Adebisi fún un, wíńgà tó ṣeré fún London Skolars àti Whitehaven pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lára, tó sì wá darí ìdásílẹ̀ rọ́gíbì líìgì ní Nàìjíríà. Ní 2019, ìdíje Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn wáyé ní Èkó, Nàìjíríà ló gbà á.

"Ní Èkó? Èmi ò gbọ́."

"Bọ̀dá mi, Arsenal lẹ̀ ń wò."

Ó bu gbẹ̀gìrì sí i. Ó ní Clive Sullivan tó lọ sí Hull yẹn ńkọ́. Mo ní wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà tó wọ ìlú Hull, A63. Ó ní tó bá di Àjíǹde, òun á wa ọkọ̀ dé ibẹ̀, ká sì wo eré kan lójú ara wa, ṣùgbọ́n èmi ni màá ra epo.